Bí mo ṣe fi aago wọn ìròyìn ìpolongo ìbò ààrẹ

Àríyànjiyàn ló bí i, ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ wa ní Lágere, Ilé-Ifẹ̀, ní ìparí oṣù kìíní ọdún 2023. Ọ̀kan ní ẹ̀yìn Tinubu ni tẹlifíṣàn wà. Èkejì ní irọ́ ni, Atiku ni wọ́n ń ṣe fún. Ọ̀dọ́ kan tó jókòó sídìí dígí ní wọn ò tilẹ̀ fẹ́ dárúkọ Obi. Kò sí ẹnì kan nínú wọn tó ka iye ìṣẹ́jú tí tẹlifíṣàn fún olùdíje kọ̀ọ̀kan. Mo ní ẹ jẹ́ kí n lọ kà á wá.

Mo ra ìwé kékeré kan, mo pín ojú ewé sí márùn-ún: Tinubu, Atiku, Obi, Kwankwaso, àti àwọn 14 tó kù, nítorí olùdíje 18 ló wà lórí ìwé ìdìbò. Alẹ́ méje ni mo fẹ́ fi jókòó ti ìròyìn aago mẹ́sàn-án ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo. Bí ìròyìn ìpolongo bá bẹ̀rẹ̀, n ó tẹ aago inú fóònù mi; bó bá parí, n ó tún tẹ̀ ẹ́.

Alẹ́ àkọ́kọ́, wọ́n mú iná lọ. Epo wọ́n, owó náírà tuntun ò sì sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ni mo bá lọ bá aládùúgbò wa tó ní sólà.

Alẹ́ kejì ni mo rí i pé ohun tí mò ń kà kò tó. Ìròyìn kan gba ìṣẹ́jú 3. Mo rí olùdíje lórí pèpéle, ó di máìkì mú, ẹnu rẹ̀ ń mì, iṣan ọrùn rẹ̀ yọ síta, ṣùgbọ́n ohùn akọ̀ròyìn ni mò ń gbọ́ lé e lórí. Ìgbà tí wọ́n jẹ́ kó fọhùn, ìṣẹ́jú àáyá 11 ni, ibi tó ti ń kí àwọn ọba ni wọ́n sì mú. Mo fa ìlà tuntun: ìgbà tí a rí i, ìgbà tí a gbọ́ ohùn rẹ̀, àti ohun tó ní òun máa ṣe. Ìlà kẹta yìí ni mo fẹ́ràn jù, òun náà ló sì ṣófo jù.

Mo tún kọ́ láti wo kámẹ́rà. Bó bá sún mọ́ èèyàn, ojú ọgọ́rùn-ún ènìyàn máa dà bí ìlú odindi. Lálẹ́ ọjọ́ kan, orí ló kún ojú tẹlifíṣàn; kámẹ́rà yà sọ́tùn-ún díẹ̀, mo rí àwọn àga funfun tí kò sẹ́ni lórí wọn, kíá ni wọ́n gé e.

Ojú ewé àwọn 14 ló dùn mí. Alẹ́ mẹ́rin kọjá, n ò kọ nǹkan kan síbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ìpín 95 nínú Òfin Ètò Ìdìbò ọdún 2022 sọ pé kí wọ́n pín àkókò dọ́gba láàárín àwọn ẹgbẹ́ òṣèlú. Ṣùgbọ́n ó fi kún un pé, ní ilé iṣẹ́ tẹlifíṣàn àti rédíò ìjọba, ẹgbẹ́ máa san owó fún àkókò náà. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà: ẹgbẹ́ tí kò lówó, kí ni ìdọ́gba yẹn fẹ́ ṣe fún un?

Ìyá mi, tó ń ta ata lọ́jà, bi mí lálẹ́ ọjọ́ kẹfà pé, "Ọmọ mi, èwo nínú wọn ló ti sọ̀rọ̀ ọjà?" Mo yẹ ìlà kẹta wò láti òkè dé ìsàlẹ̀. N ò rí i.

Nígbà tí mo gbé ìwé náà dé Lágere, onígbàjámọ̀ pa kílípà rẹ̀. Wọ́n gbà á lọ́wọ́ ara wọn. Ọ̀dọ́ ìdí dígí ò béèrè ẹni tó gba ìṣẹ́jú jù mọ́. Ó ní, "Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ibo ni ìlà ohùn wọn wà?"