Ìrù ọkọ̀ òfurufú onígi: ìdáhùn sí ohun tí ẹ ń bi mí léraléra

Ìbéèrè: Ṣé a lè fi aṣọ tẹ́rù láti Ìtòkú, ọjà àdìrẹ Abẹ́òkúta, bo ìrù ọkọ̀ òfurufú àtijọ́?

Ìdáhùn: Rárá. Ẹ fi tẹ́rù yẹn ṣe àdìrẹ.

Ìbéèrè: Aṣọ pólísítà tí a lẹ̀ mọ́ igi ṣì dẹ̀.

Ìdáhùn: Áyọ́ọ̀nù ní í mú un fà le, kì í ṣe ọ̀dà. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìwọ̀n ooru 121 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ẹ má sì kọjá 177. Tẹmómítà ni kí ẹ fi wọn ojú áyọ́ọ̀nù, nítorí nọ́ńbà ara rẹ̀ máa ń purọ́.

Ìbéèrè: Báwo ni a ṣe ń mọ̀ bóyá gọ́ọ̀mù àtijọ́ ṣì di igi mú?

Ìdáhùn: Ẹ bọ́ aṣọ rẹ̀ kúrò. Gọ́ọ̀mù tí wọ́n ń fi wàrà ṣe láyé ọjọ́un kì í fara da ọ̀rinrin. Ẹ ti ọ̀bẹ tẹ́ẹ́rẹ́ sí oríkèé igi náà. Bí ó bá wọlé wọ́ọ́rọ́, oríkèé yẹn ti kú. Bí ó bá jẹ́ igi gbọọrọ àárín ni ó sán tàbí tí ó jẹrà, ẹ gbé irinṣẹ́ yín sílẹ̀, kí ẹ pe ẹnjiníà tí ó ní ìwé àṣẹ.

Ìbéèrè: Kí ló dé tí dope, ọ̀dà tí a fi ń kun aṣọ ọkọ̀ òfurufú, ń di funfun bí ẹfun lẹ́yìn tí a kùn ún?

Ìdáhùn: Èyí gan-an ló fẹ́rẹ̀ẹ́ lé mi kúrò nídìí iṣẹ́. Ní oṣù Òkúdù kan, ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Láfẹ́nwá, níbi tí ọ̀rinrin odò Ògùn kì í ti í fi wá sílẹ̀, mo kun ìtọ́kọ̀ kan (apá ìrù tí ń yí ọkọ̀ sọ́tùn-ún sósì) ní kété tí òjò dá. N kò tíì fọ búrọ́ọ̀ṣì tán tí gbogbo ojú rẹ̀ fi funfun. Mo bá ẹni tí ó ta dope náà fún mi jà, mo ra òmíràn, òun náà tún funfun. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo fi sáńpépà họ ọ́ kí n tó fọwọ́ kan ojú aṣọ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn, tí mo sì rí i pé ó tutù bíi píọ̀ wọ́tà inú fìríìjì. Tínà inú dope a máa yára fẹ́ lọ sínú afẹ́fẹ́, bí ó sì ti ń fẹ́ ni ó ń mú ojú aṣọ tutù, tí ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ fi ń sẹ̀ sí i bí ìrì. Omi yìí ni ó ń sọ ọ́ di funfun, tí ó sì ń gba agbára rẹ̀. Ẹ má họ ọ́. Ẹ dúró de ọjọ́ tí afẹ́fẹ́ gbẹ, kí ẹ fọ́n tínà tí kì í tètè fẹ́ sí i fẹ́ẹ́rẹ́. Dope náà yóò yọ́ padà, funfun yóò sì lọ. Nísinsìnyí, ọ̀sán gangan ìgbà ọyẹ́ ni mo máa ń kùn, jìnnà sí iná, nítorí dope oní-nitrate a máa gbiná wàràwàrà.

Ìbéèrè: Ìtọ́kọ̀ wa wúwo ju ti tẹ́lẹ̀ lọ lẹ́yìn tí a kùn ún.

Ìdáhùn: Ẹ má gbé e fò. Bí ìwúwo bá pọ̀ jù lẹ́yìn híńjì, ó lè máa gbọ̀n lójú òfurufú títí yóò fi já. Ẹnjiníà ni kí ó wọn ìdọ́gba rẹ̀ kí ẹ tó dè é padà.