Àṣìṣe tó ń sọ wàhálà kékeré di ńlá lórí láptọ́ọ̀pù akẹ́kọ̀ọ́

Lójú tèmi, ohun tó kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀rọ kọ́ ló sábà máa ń pa á. Ohun tí ẹni tó ni ín ṣe ní wákàtí àkọ́kọ́ ni. Fíláàṣì kọ̀, ó tẹ “format”, èyí tó ń pa gbogbo ohun inú rẹ̀ rẹ́. Omi dà sí kíbọ́ọ̀dù, ó tún tàn án wò bóyá ó ṣì ń ṣiṣẹ́. Ìpayà ni, mo mọ̀, pàápàá nígbà tí olùkọ́ tó ń bójú tó iṣẹ́ àṣekágbá rẹ bá ní òun fẹ́ rí orí kẹta lọ́la.

Jẹ́ ká ti orí fíláàṣì bẹ̀rẹ̀, torí òun ló ń pa akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́kún jù. O gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń tẹ̀wé lẹ́nu géètì. Nígbà tí o gbé e dé yàrá, gbogbo fódà inú rẹ̀ ti ní àmì ọfà kékeré lára. Má tẹ ọ̀kankan nínú wọn. Ayédèrú ni wọ́n, ẹni tó bá sì tẹ̀ wọ́n ti fọwọ́ ara rẹ̀ ṣílẹ̀kùn fún fáírọ́ọ̀sì. Àṣìṣe kejì ni kéèyàn gbà pé iṣẹ́ òun ti lọ, kó wá pa gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ rẹ́. Iṣẹ́ rẹ wà níbẹ̀, wọ́n kàn fi pamọ́ ni. Ṣí Command Prompt, ojú dúdú tí a ti ń kọ àṣẹ fún ẹ̀rọ, lórí Windows. Bí lẹ́tà fíláàṣì bá jẹ́ E, kọ attrib -h -r -s /s /d E:\*.* kí o sì tẹ Enter. Àwọn fódà gidi á yọjú. Jẹ́ kí Defender, ètò tó ń gbógun ti fáírọ́ọ̀sì nínú Windows, yẹ̀ wọ́n wò, kó ìwé rẹ jáde, ìgbà yẹn ni o tó lè wá format rẹ̀.

Bí Windows bá ní dandan kí o format fíláàṣì kí o tó lò ó, má gbà. Kò sọ pé fíláàṣì ṣófo o. Àkọsílẹ̀ tó ń tọ́ka síbi tí nǹkan wà ni kò rí kà mọ́.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti fáìlì tí o ṣèèṣì pa rẹ́. Èyí tí o bá pa rẹ́ lórí fíláàṣì kì í gba Recycle Bin kọjá, ṣùgbọ́n kò tíì lọ. Bí ìgbà tí wọ́n fa igi lé orúkọ rẹ nínú rẹ́jísítà ni: o ṣì wà lórí àga títí ẹlòmíràn á fi wá jókòó síbẹ̀. Nítorí náà, má da orin kan ṣoṣo sórí rẹ̀ mọ́. Fi PhotoRec wá fáìlì náà, ọ̀fẹ́ ni, kí o sì kó ohun tó bá rí síbòmíràn. Àwọn kan máa ń kó o padà sórí fíláàṣì kan náà, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń fi orí kìíní bo orí kejì mọ́lẹ̀. SSD, ibi tí láptọ́ọ̀pù ń kó fáìlì pamọ́ sí, kò ní irú àánú yìí. Windows ń fi àṣẹ tí wọ́n ń pè ní TRIM sọ fún un pé àyè náà ti ṣófo, ó sì lè nù ún kí o tó mọ̀ pé o ṣi ọwọ́ tẹ̀.

Omi ńkọ́? Má tàn án wò. Iná tó ń gba inú omi kọjá ló ń mú kí irin ara bọ́ọ̀dù dípẹtà kíákíá. Yọ ṣájà, tẹ bọ́tìnnì tí o fi ń tàn án mọ́lẹ̀ títí ẹ̀rọ á fi kú, yọ bátìrì bó bá jẹ́ irú tó ṣeé yọ, kí o sì dojú kíbọ́ọ̀dù kọlẹ̀. Ìrẹsì tí àwọn kan máa ń ki ẹ̀rọ bọ̀ kó lè gbẹ kò lè ṣe nǹkan kan. Ìta ló wà, abẹ́ kíbọ́ọ̀dù ni omi wà. Eruku rẹ̀ nìkan ló máa wọnú ihò USB. Apple pàápàá kọ ọ́ sínú ìtọ́ni wọn ní 2024 pé kí a má fi iPhone tó lomi lára sínú ìrẹsì. Zóbò tún burú ju omi lọ nítorí ṣúgà. Ẹ̀rọ á gbẹ, á tàn, inú rẹ á dùn. Tó bá yá, kíbọ́ọ̀dù á máa tẹ lẹ́tà fúnra rẹ̀. Kí oníṣẹ́ ṣí i, kó fi isopropyl alcohol fọ bọ́ọ̀dù náà, bó tilẹ̀ dà bíi pé ara rẹ̀ ti yá.

Gẹ́ẹ̀mù ọ̀fẹ́ tí wọ́n ti já kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí gan-an. Ìtọ́ni inú rẹ̀ á ní kí o pa Defender ná, pé irọ́ ni ìkìlọ̀ rẹ̀. Nígbà mìíràn, irọ́ ni lóòótọ́. Báwo ni o ṣe fẹ́ mọ ìyàtọ̀? Fáírọ́ọ̀sì tó burú jù nínú irú gẹ́ẹ̀mù bẹ́ẹ̀ kì í mú ẹ̀rọ falẹ̀ rárá. Á kó pásíwọọ̀dù tí o tọ́jú sínú Chrome, á kó kúkì tó ń jẹ́rìí pé o ti wọlé sí ímeèlì rẹ, ó parí. Ẹni tí kúkì yẹn bá bọ́ sí lọ́wọ́ lè wà nínú ímeèlì rẹ láìjẹ́ pé wọ́n béèrè kóòdù tó ń wọlé sórí fóònù rẹ. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣàṣìṣe nìyí: orí láptọ́ọ̀pù náà ni wọ́n ti ń yí pásíwọọ̀dù padà, olè sì ń wò wọ́n. Fóònù ni kí o lò. Yí pásíwọọ̀dù ímeèlì ṣáájú ohunkóhun, kí o sì lé gbogbo ẹ̀rọ tó ti wọlé jáde. Lẹ́yìn náà ni kí o tún Windows fi sórí láptọ́ọ̀pù láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ojú búlúù tó ń béèrè kọ́kọ́rọ́ BitLocker (ohun tí Windows fi ń ti fáìlì pa) oníhóró nọ́ńbà 48 náà ti mú kí ọ̀pọ̀ èèyàn gbà kí wọ́n format ẹ̀rọ wọn láìnídìí. Ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù Windows 11 tí wọ́n fi àkántì Microsoft ṣètò ló ń ti fáìlì pa láìsọ fún ọ. Bí oníṣẹ́ bá fọwọ́ kan BIOS, ètò tó ń jí ẹ̀rọ kí Windows tó bẹ̀rẹ̀, ẹ̀rọ lè fura, kó sì béèrè kọ́kọ́rọ́ náà. Fi fóònù lọ sí aka.ms/myrecoverykey, kí o wọlé pẹ̀lú àkántì náà. Bó bá jẹ́ àkántì ẹni tó tà á fún ọ ni, òun ni kí o tètè wá lọ.

Kí o tó fi ẹ̀rọ sílẹ̀ ní Computer Village, n'Íkẹjà, tàbí lọ́dọ̀ bọ̀ọ̀dá tó ń ṣe é lẹ́yìn họ́sítẹ̀lì, ya fọ́tò nọ́ńbà ìdánimọ̀ ara rẹ̀ àti ibi tó ti kọ iye RAM. Jáde kúrò nínú WhatsApp àti ímeèlì. Má sì jẹ́ kí wọ́n bi ọ́ lórí fóònù, níbi tí o ti ń sáré lọ kíláàsì, bóyá kí wọ́n format rẹ̀. Kọ ọ́ sórí bébà, kí o lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, pé wọn kò gbọ́dọ̀ format rẹ̀ àfi tí o bá wà níbẹ̀.