Síkáànì ìṣàn ẹ̀jẹ̀ ọpọlọ kí wọ́n tó ṣí iṣan ọrùn àti lẹ́yìn rẹ̀

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́, iṣan ọrùn tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ọpọlọ bàbá mi lápá òsì ti dí gan-an, wọ́n fẹ́ fi stent, ìyẹn páìpù kékeré tó ń la iṣan sílẹ̀, sí i. CT perfusion wọn, ìyẹn síkáànì tó ń fi bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń ṣàn nínú ọpọlọ hàn, ní ẹ̀jẹ̀ ń pẹ́ kó tó dé apá òsì ọpọlọ, àmọ́ ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ tó wà níbẹ̀ ò dín kù. Ṣé ibẹ̀ ti kú ni?

Ìdáhùn: Èyí tẹ́ ẹ sọ yìí ò fi hàn pé ó kú. Ojú ọ̀nà ló fún, ẹ̀jẹ̀ wá ń yí gba ibòmíì kó tó débẹ̀, àwọn iṣan kéékèèké inú ọpọlọ sì ti la ara wọn sílẹ̀ kí wọ́n lè gba ìwọ̀nba tó bá dé, ìyẹn ni ò jẹ́ kí ìwọ̀n yẹn dín kù. Ibi tó bá ti kú, ìṣàn àti ìwọ̀n méjèèjì ló sábà máa ń já wálẹ̀. Ẹ bi dókítà bóyá àwọn iṣan yẹn ṣì lè là sí i o. Wọ́n lè fún bàbá yín ní acetazolamide, oògùn tó ń mú kí iṣan ẹ̀jẹ̀ là, kí wọ́n tún ya síkáànì náà, tí ìṣàn ò bá pọ̀ sí i lápá ibẹ̀, a jẹ́ pé iṣan ti là débi tó lè là dé, irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ ló yẹ ká ṣọ́ jù lẹ́yìn tí wọ́n bá fi stent sí i.

Ìbéèrè: Wọ́n ti fi stent sí i, wọ́n tún ṣe síkáànì, àmọ́ nọ́ńbà ìṣàn ẹ̀jẹ̀ apá ọ̀tún tí wọn ò fọwọ́ kàn náà yí padà.

Ìdáhùn: Ṣé ẹ̀rọ kan náà ni, sọ́fíwíà kan náà? Tí orí bá mì, tàbí tó jẹ́ iṣan tó dí ni wọ́n mú ṣe òdiwọ̀n, nọ́ńbà máa dàrú. Èmi ò kì í gbára lé nọ́ńbà nìkan, mo máa ń fi òsì wé ọ̀tún nínú àwòrán kan náà.

Ìbéèrè: Ọjọ́ kẹrin rè é, orí ń fọ́ wọn gan-an lápá òsì, BP wọn sì ga.

Ìdáhùn: Ẹ gbé wọn lọ sọ́síbítù báyìí, ẹ má dúró di ọ̀la! Ẹ̀jẹ̀ lè ti máa ya lu ibi tí kò mọ́ lára tẹ́lẹ̀, tí ìṣàn bá ju ìlọ́po méjì ti tẹ́lẹ̀ lọ, gìrì tàbí ẹ̀jẹ̀ dídà nínú ọpọlọ lè tẹ̀ lé e. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ló wọ́pọ̀ jù, àmọ́ ó lè ṣẹlẹ̀ títí dé nǹkan bí oṣù kan. Wọ́n máa mú BP wálẹ̀, wọ́n á ṣe CT lásán láti wò ó bóyá ẹ̀jẹ̀ ti dà, wọ́n á wá wo ìṣàn fúnra rẹ̀, ultrasound tí wọ́n ń gbé sí ẹ̀bátí pàápàá lè fi hàn. Ẹ mú síkáànì àkọ́kọ́ yẹn dání, òun ni wọ́n máa fi wé e.