Ọmọ tí kò jẹran, tí kò jẹja, tá a bá gbé e kọjá Sẹ́mẹ̀: ìbéèrè àti ìdáhùn

Àgbádárìgì ni mò ń gbé, Accra ni bàbá àwọn ọmọ mi ti ń ṣiṣẹ́, torí náà gbogbo ìgbà tí ilé ìwé bá ti gba họlidé la máa ń gba Sẹ́mẹ̀ kọjá, Kútọnu, Lomé, títí a ó fi dé ọ̀hún. Àkọ́bí mi ò jẹran mọ́ látìgbà tí wọ́n ti pa àgbò tó ń fọwọ́ ara ẹ̀ já ewé fún nígbà Iléyá, àbúrò ẹ̀ obìnrin tẹ̀lé e, ẹja náà ò sì wọ ẹnu wọn. Wọ́n ń jẹ ẹyin, wọ́n ń mu mílíìkì. Àwọn ará ọjà Agbálatà, àwọn ẹbí ní Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́, gbogbo wọn ló ń bi mí bí mo ṣe ń ṣe é, mo wá kó àwọn ìbéèrè tí wọ́n ń bi mí jù jọ síbí.

Ìbéèrè: Àǹtí, mo sọ fún obìnrin olóúnjẹ kan ní Kútọnu pé kó má fi ẹran sí i, ó ní ó ti yé òun, ẹja ló gbé wá. Ibo ni mo ti ṣì í?

Ìdáhùn: Ẹ ò ṣì í níbì kankan, ọ̀rọ̀ ẹran yẹn ló kéré. "Viande", ìyẹn ẹran lédè Faransé, lẹ́nu ọ̀pọ̀ nínú wọn, màlúù, ewúrẹ́ àti irú wọn ni, ẹlòmíì ò tiẹ̀ ka adìyẹ mọ́ ọn, ká má tíì sọ ti ẹja. Ẹ kà á fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan: sans viande, sans poulet, sans poisson, sans crevettes, ìyẹn láìsí ẹran, láìsí adìyẹ, láìsí ẹja, láìsí edé. Àwa ará Àgbádárìgì tiẹ̀ ríbi gbà níbẹ̀, torí Ègùn tá à ń sọ nílé náà ni wọ́n ń sọ ní Àjàṣẹ́, ẹni Kútọnu náà á sì gbọ́ ọ, ẹ ṣáà sọ fún wọn pé ẹ kì í jẹ lan, ìyẹn ẹran, ẹ kì í sì í jẹ whèvì, ìyẹn ẹja. Tẹ́ ẹ bá dé Lomé, lã ni wọ́n ń pe ẹran, tɔmelã ni wọ́n ń pe ẹja, ìyẹn bí ìgbà téèyàn bá ní ẹran inú omi. Ní Gánà, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí wọ́n ń pè ní nam lédè Twi, ó lè jẹ́ ẹran, ó lè jẹ́ ẹja, ẹ bi wọ́n ní méjèèjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Ṣùgbọ́n ohun tó kọ́ mi lọ́gbọ́n jù ni pé ohun tó wà nínú abọ́ kọ́ lèèyàn ń béèrè, ìkòkò ni. Lọ́jọ́ kan ní ẹ̀gbẹ́ títì ní Kútọnu mo ra amiwo fún àwọn ọmọ, ọkà àgbàdo pupa tí wọ́n fi tòmátì àti epo rò nìyẹn, mo ní kí wọ́n má gbé adìyẹ lé e, ìyá tó ń tà á sì ṣe bí mo ṣe wí. Ọmọ mi obìnrin bu ṣíbí àkọ́kọ́, ó dúró, ó ní "Mọ́mì, adìyẹ ló ń ta sí mi lẹ́nu." Omi adìyẹ ni wọ́n fi rò ó, bí wọ́n sì ṣe máa ń rò ó náà nìyẹn. Ìyá yẹn ò purọ́ fún mi o, ohun tí mo bi í ló dáhùn. Ọmọ yẹn rọra gbé abọ́ kalẹ̀, kò sunkún, ó kàn ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ahọ́n ẹ̀, ó ń wo ilẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí títí a fi dé Lomé, torí èmi ló gbọ́kàn lé, ojú mi ló wò kó tó fi oúnjẹ yẹn sẹ́nu.

Látọjọ́ yẹn, mi ò kí i yọ owó kí n tó béèrè pé omi kí lẹ fi sè é, ṣé edé wà ńbẹ̀, mágí wo lẹ jù sí i, torí mágí adìyẹ àti ti edé wà. Tó bá ń rojú tàbí tó ń sọ pé "kékeré ni", mo máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, mo ń lọ nìyẹn.

Ìbéèrè: Kí lẹ wá ń rà lójú ọ̀nà tó ń fọkàn yín balẹ̀?

Ìdáhùn: Oúnjẹ àárọ̀! Láti ilé wa dé Accra, ẹ̀wà ló ni àárọ̀. Àkàrà tá a mọ̀ náà ni wọ́n ń pè ní ata ní Kútọnu, òun ni wọ́n ń pè ní koose ní Gánà, wọ́n á sì tà á pẹ̀lú koko, ìyẹn ògì jéró tí wọ́n fi atalẹ̀ àti ata sí, àwọn ọmọ mi fẹ́ràn ẹ̀ ju ògì àgbàdo ilé lọ. Nǹkan míì ni pé láàárọ̀, epo tí wọ́n fi ń dín àkàrà sábà máa ń mọ́, tó bá fi máa di ọ̀sán ẹlòmíì á ti fi epo kan náà dín ẹja, ẹ bẹjú wo ìdí agbada kẹ́ ẹ tó rà á.

Lẹ́yìn àkàrà, ìrẹsì àti ẹ̀wà tí wọ́n sè pọ̀. Ní Kútọnu atassi lorúkọ ẹ̀, ní Lomé ayimolou, ní Gánà waakye. Ewé ọkà bàbà ni wọ́n ń jù sínú waakye kó lè pupa, mo rí wọn tí wọ́n ń fà á yọ nínú ìkòkò bí okùn, ó ti rọ̀ rọ̀ọ̀rọ̀, omi ẹ̀ ń kán pupa. Ìrẹsì yẹn fúnra ẹ̀ ò níṣòro, ohun tí wọ́n ń dà lé e lórí ni wàhálà, torí shito, ata dúdú tí wọ́n ń fi jẹ ẹ́, ẹja gbígbẹ àti edé ni wọ́n lọ̀ mọ́ ọn, wọ́n sì tún lè gé wele lé e, pọ̀nmọ́ ni. Èmi máa ń gbé ata díndín tèmi dání nínú ìgò kékeré, màá ní kí wọ́n bu waakye, gàrí, ẹyin sísè, ká parí ẹ̀ síbẹ̀. Red red náà dáa, ẹ̀wà olóépo pupa pẹ̀lú dòdò, àmọ́ ẹ béèrè, torí àwọn kan ń fọ́ ẹja sínú ẹ̀wà yẹn. Kelewele tí wọ́n ń dín nírọ̀lẹ́, ọ̀gẹ̀dẹ̀ oníata, ìyẹn ni ọmọkùnrin mi fi ń ka ọjọ́ kù ká lọ sí Accra.

Ohun tí mo bẹ̀ yín kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún ni kontomire. Ó jọ ẹ̀fọ́, ewé kókò sì ni lóòótọ́, àmọ́ wọ́n ń fi momoni sí i, ẹja tí wọ́n fi iyọ̀ pa títí tó fi ń rùn, bí àwa ṣe ń fi irú sí ọbẹ̀ ni.

Ẹ má sì gbàgbé wàrà. Wagasi ni wọ́n ń pè é ní Kútọnu, àwọn Fúlàní ló ń ṣe é, àwọn kan nínú ẹ̀ pupa lẹ́yìn, ewé ọkà bàbà yẹn náà ni wọ́n fi pa á láró. Ewé bọmubọmu ni wọ́n fi ń mú mílíìkì ẹ̀ dì, kì í ṣe ohun tí wọ́n gbà látinú ikùn ọmọ màlúù bíi ti ọ̀pọ̀ ṣíìsì òyìnbó. Mo máa ń ní kí wọ́n dín in lójú mi, kó gbóná dáadáa, ìyẹn ló ń dúró bí ẹran fún wa.

Ìbéèrè: Ìdúró bọ́dà ńkọ́? Ọmọ tí ebi ń pa ní Sẹ́mẹ̀, kò sí àlàyé tó lè gbọ́.

Ìdáhùn: Ẹ fún wọn lóúnjẹ kẹ́ ẹ tó kúrò nílé, ó parí. Mo máa ń se mọ́ínmọ́ín eléwé lóru, kò sí edé kò sí ẹja, ẹyin nìkan, a sì máa ń jẹ ẹ́ tán kó tó di ọ̀sán torí ó tètè ń kan. Àgbọn Àgbádárìgì tá a ti là, ẹ̀pà yíyan, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, búrẹ́dì, omi tó pọ̀. Àwọn mọ́tò ń dúró níbi ayẹ̀wò títí kẹ́ ẹ tó rí Sẹ́mẹ̀ rárá, ẹ fi ìyẹn kún un.

Ìbéèrè: Ìkòròdú ni mò ń gbé, èmi àti ìbejì mi fẹ́ bá ọkọ̀ òfuurufú lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, a máa yà ní Addis Ababa ní Ethiopia. Wọ́n ní mo lè ní kí wọ́n fún àwọn ọmọ lóúnjẹ ọmọdé. Ṣé ẹran ò ní sí níbẹ̀?

Ìdáhùn: Ìyá Ìbejì, ẹ má gba oúnjẹ ọmọdé yẹn, CHML ni wọ́n ń kọ fún un, adìyẹ ló sábà máa ń wà nínú ẹ̀. VLML ni kẹ́ ẹ ní kí wọ́n kọ, ìyẹn ni ti ẹni tí ò jẹran tí ò jẹja àmọ́ tó ń jẹ ẹyin tó sì ń mu mílíìkì. VGML ò ní ẹyin ò sì ní mílíìkì. AVML, bí àwọn ará Íńdíà ṣe ń sè é ni, ó lè ta lẹ́nu ọmọ. Ẹ sọ fún wọn kó tó ku wákàtí 24, àwọn míì ń béèrè 48, ẹ sì rí i pé wọ́n kọ ọ́ sí ọkọ̀ méjèèjì, kì í ṣe ti àkọ́kọ́ nìkan, kẹ́ ẹ sì tún rán wọn létí níbi tẹ́ ẹ ti ń gba ìwé ìwọkọ̀.

Ti Addis yẹn, ibẹ̀ gan-an ni kẹ́ ẹ fọkàn balẹ̀ sí. Àwọn ọmọ ìjọ Orthodox níbẹ̀ ń gbààwẹ̀ ní Wednesday àti Friday àti ọ̀pọ̀ ọjọ́ míì, wọn ò ní jẹ ẹran, wàrà àti ẹyin, torí náà oúnjẹ ààwẹ̀ ò ṣàjèjì sí wọn. Ẹ ní "tsom" lẹ fẹ́, ó ti yé wọn nìyẹn, ẹ kàn fi kún un pé ẹ ò fẹ́ ẹja, torí àwọn kan ń jẹ ẹja nínú ààwẹ̀. Ẹ bèèrè shiro, ó dà bíi gbẹ̀gìrì tó ki, wọ́n á fi injera, búrẹ́dì pẹlẹbẹ wọn, jẹ ẹ́, injera yẹn ń kan díẹ̀, ẹ jẹ́ káwọn ọmọ tọ́ ọ wò kẹ́ ẹ tó ra púpọ̀.

Ìbéèrè: Tá a bá wá dé Lọ́ńdọ̀nù ńkọ́, oúnjẹ inú ṣọ́ọ̀bù?

Ìdáhùn: Ó rọrùn ju ilé lọ, ẹ máa rí "vegetarian" lára ọ̀pọ̀ nǹkan. Ẹja, edé, ẹyin àti mílíìkì, òfin ní kí wọ́n kọ orúkọ wọn kó hàn ketekete láàárín èyí tó kù, torí àwọn tí ara wọn ń kọ̀ ọ́, àmọ́ ẹran ò sí nínú òfin yẹn, ẹ fara balẹ̀ kà á. Súìtì tó ń fà bíi rọ́bà lẹ máa ṣọ́ jù, gelatine ni wọ́n sábà fi ń ṣe é, awọ àti eegun màlúù tàbí ẹlẹ́dẹ̀ sì ni. Ṣọ́ọ̀bù díndín míì ń fi ọ̀rá màlúù dín ọ̀dùnkún, ẹ béèrè.

Ẹ má gbé wàrà lọ, wọ́n á gbà á. Ẹni tó bá sì ń lọ sí Jámánì tàbí Faransé, kó fi ẹ̀wà gbígbẹ sílé, wọ́n ti fòfin de ẹ̀wà Nàìjíríà láti 2015 torí oògùn tí wọ́n fi ń pa kòkòrò inú ẹ̀. Gàrí àti èlùbọ́ ni mo máa ń ní kí wọ́n dì.

Ìbéèrè: Ẹ̀pẹ́ la ti wá, ẹja la fi ń ṣàlejò. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ní Lomé bínú pé mò ń fojú tín-ín-rín oúnjẹ òun nítorí ọmọ.

Ìdáhùn: Àbúrò, ẹ pè wọ́n kẹ́ ẹ tó kúrò nílé, ẹ má jẹ́ kó jẹ́ ìdí abọ́ ni wọ́n ti máa gbọ́ ọ. Ẹ kúnlẹ̀ kí wọn tẹ́ ẹ bá dé, ẹ gbé nǹkan dání, ẹ ní "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n wọ kíṣìnì yín, èmi ni màá se ti ọmọ." Ẹ̀yin fúnra yín, ẹ jẹ ẹja wọn, kẹ́ ẹ jẹ ẹ́ dáadáa, kí wọ́n rí i pé abọ́ yín mọ́. Ohun tí mi ò ní gbà ni kí wọ́n fi ẹja pamọ́ sábẹ́ ọkà fún ọmọ láti fi dán an wò, wọ́n ti ṣe é fún tèmi rí, odindi ọjọ́ méjì ni ò fi jẹ nǹkan tí kì í ṣe èmi ni mo sè.

Ìbéèrè: Ṣé wọn ò ní rù báyìí?

Ìdáhùn: Àwọn tèmi ò rù. Ẹ̀wà, ẹ̀pà, ẹyin, wàrà ń gbé wọn. Ọmọ tí ò bá jẹ ẹyin tí ò sì mu mílíìkì rárá ló yẹ kẹ́ ẹ bi dókítà léèrè fún, torí fítámì B12 ò sí nínú ewébẹ̀ àti ẹ̀wà, ó ní láti lo oògùn ẹ̀.

Ìbéèrè: Òru la dé Accra, gbogbo ibi ti tì, ọmọ ń sunkún ebi.

Ìdáhùn: Gàrí, ẹ̀pà, ṣúgà, omi tútù látinú ìgò tí ẹnikẹ́ni ò tíì ṣí. Èmi máa ń di gàrí kọ́ńgò kan sísàlẹ̀ báàgì, mi ò sì kí i tú u títí a fi dé ilé bàbá wọn.