Ohun Tó Yẹ Kí Ẹ Yẹ̀ Wò Tí Ẹ̀rọ Amáṣọgbẹ Yín Bá Ń Pẹ́ Jù

Tí aṣọ tó máa ń gbẹ láàárín ìṣẹ́jú 45 bá ti ń gba wákàtí méjì, tí ọrùn ẹ̀wù àti àpò ṣòkòtò sì tún ń rin síbẹ̀, ẹ má tíì ra irin agbóná tuntun sínú dráyà yín. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ohun tí mo máa ń bá jù lọ ni pé ooru wà nínú ẹ̀rọ, afẹ́fẹ́ ni kò rí ọ̀nà jáde. Ooru ló ń sọ omi ara aṣọ di oru, àmọ́ afẹ́fẹ́ ló ń gbé oru náà síta. Bí ọ̀nà bá dí, inú aṣọ yẹn náà ni oru á máa yí po sí.

Ẹ kọ́kọ́ wo aṣọ náà kó tó wọ dráyà. Tí omi bá ń kán nígbà tí ẹ fún un lọ́wọ́, ẹ̀rọ ìfọṣọ ni kò fún un dáadáa. Ẹ dá a padà kó tún un fún. Ẹ má sì kì í kún. Kó má ju ìdajì ikùn ẹ̀rọ lọ, kí aṣọ lè ráyè jù sókè sódò. Táwẹ́ẹ̀lì àti jíǹsì lọ́tọ̀, ẹ̀wù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lọ́tọ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, asẹ́ tó ń gba òwú wẹ́wẹ́. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá lo ẹ̀rọ lẹ gbọ́dọ̀ kó o kúrò. Ṣùgbọ́n asẹ́ lè mọ́ lójú kó sì dí, pàápàá tí ẹ bá ń lo bébà olóòórùn tí wọ́n ń jù sáàárín aṣọ, torí ọ̀rá rẹ̀ máa ń lẹ̀ mọ́ ojú asẹ́. Ẹ gbé e sábẹ́ ẹnu ẹ̀rọ omi. Tí omi bá dúró lórí rẹ̀ dípò kó ṣàn kọjá, ẹ fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ fọ̀ ọ́. Búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó ti gbó ló dáa jù fún un. Kó gbẹ kẹ́ ẹ tó dá a padà.

Wàyí o, ẹ tan ẹ̀rọ, kẹ́ ẹ jáde lọ síbi tí páìpù rẹ̀ ti yọ lára ògiri. Ẹ gbé ọwọ́ síbẹ̀. Afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ fẹ́ tagbáratagbára, kí ìdérí ẹnu páìpù sì gbéra. Tí ó bá rọra ń mí jáde lásán, páìpù ti dí. Ẹ wò bóyá ẹyẹ kọ́ ilé síbẹ̀, tàbí ẹnì kan fi nẹ́ẹ̀tì dí ẹnu rẹ̀. Ẹ yọ nẹ́ẹ̀tì náà kúrò. Òwú ló ń gbá jọ.

Iṣẹ́ ẹ̀yìn ẹ̀rọ ló kù, kò sì sí ibi táwọn èèyàn ti ń ba nǹkan jẹ́ tó ibẹ̀. Ẹ yọ iná kúrò lára ògiri. Tó bá jẹ́ ẹ̀rọ onígáàsì, ẹ ti gáàsì pa kẹ́ ẹ tó sún un. Bí páìpù gáàsì rẹ̀ kò bá ṣe é tẹ̀, ẹ má sún un rárá, ẹ pe oníṣẹ́ gáàsì. Ẹ tú páìpù afẹ́fẹ́, kẹ́ ẹ kó òwú inú rẹ̀. Àwọn kan ń lo búrọ́ọ̀ṣì onígi gígùn tí wọ́n ń so mọ́ dírílì. Ó dáa, àmọ́ apá ọ̀tún nìkan ni kí ẹ yí i sí, títí kan ìgbà tí ẹ bá ń fà á jáde. Tẹ́ ẹ bá yí i sósì, oríkèé rẹ̀ á tú, á sì há sínú ògiri.

Tí páìpù náà bá jẹ́ oníke tàbí ti bébà fàdákà tó ń wẹ́ pọ̀, ẹ sọ ọ́ nù. Òwú yìí máa ń gbiná wéré, ara ihunjọ irú páìpù bẹ́ẹ̀ ló sì máa ń pọ̀ sí. Ti irin, oní-íǹṣì 4, ni kí ẹ fi rọ́pò. Ẹ má fi síkúrúù gún un, torí ẹnu rẹ̀ nínú lọ́hùn-ún ni òwú á ti máa kọ́. Téèpù onírin ni kẹ́ ẹ fi lẹ̀ ẹ́. Téèpù aláṣọ kì í pẹ́ tú tí ooru bá ń bà á. Kí gbogbo rẹ̀ má gùn ju ẹsẹ̀ bàtà 35 lọ, kẹ́ ẹ sì yọ 5 kúrò fún ibi kọ̀ọ̀kan tó bá ṣẹ́ kọ́rọ́, àyàfi tí ìwé ẹ̀rọ yín bá sọ òmíràn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ tẹ́ ẹ bá fẹ́ dá ẹ̀rọ padà. Èèyàn á nu páìpù títí á fi mọ́ tónítóní, á wá fi orúnkún ti ẹ̀rọ mọ́ ògiri, páìpù á sì tẹ̀ pẹlẹbẹ lẹ́yìn rẹ̀. Aṣọ kò ní gbẹ, wọ́n á wá ní irin agbóná ló bàjẹ́. Ẹ fi pákó tó nípọn tó íǹṣì 5 sílẹ̀ nídìí ògiri kí ẹ̀rọ má bàa kọjá ibẹ̀. Kò náni ní nǹkan kan, ó sì sàn ju kẹ́ ẹ máa fojú díwọ̀n. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì wẹ̀yìn rẹ̀ látòkè, kẹ́ ẹ sì tún jáde lọ gbé ọwọ́ síbi afẹ́fẹ́. Tí kò bá fẹ́ dáadáa, ẹ tún un fà síwájú.

Tí afẹ́fẹ́ bá le ṣùgbọ́n tó tutù, ẹ wo bíréékà, ìyẹn ohun tó máa ń já iná nínú àpótí iná ilé yín. Àwọn dráyà kan ń lo bíréékà méjì tó so pọ̀. Tí ọ̀kan bá já, ẹ̀rọ lè máa yí láìmú ooru wá. Ẹ pa méjèèjì pátápátá kẹ́ ẹ tó tún un tàn. Fíúsì ooru, èyí tó máa ń já tí ẹ̀rọ bá gbóná jù, náà lè ti jó. Páìpù tó dí wà lára ohun tó sábà máa ń jó o, torí náà ẹ má ṣe pààrọ̀ rẹ̀ láìkọ́kọ́ tún páìpù ṣe.

Tó bá jẹ́ pé ṣe ni ẹ̀rọ ń tètè dá dúró tí ẹ sì ń tàn án lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ wá irin pẹẹrẹ méjì tó wà nínú ikùn rẹ̀, èyí tó fi ń mọ̀ bóyá aṣọ ṣì tutù. Ẹ fi sípírítì nù ún. Fínígà funfun náà ṣe é lò.

Dráyà tí kò ní páìpù afẹ́fẹ́ sábà máa ń kó omi sínú àpótí ni. Ẹ máa da omi náà nù, kẹ́ ẹ sì fọ gbogbo asẹ́ rẹ̀ bí ìwé rẹ̀ bá ṣe sọ. Tí ẹ bá sì parí gbogbo èyí tí aṣọ ò tíì gbẹ, ẹ wá pe oníṣẹ́, kẹ́ ẹ sọ fún un bí afẹ́fẹ́ ṣe le tó níta àti bóyá ó gbóná.