Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Tí Àwọn Ọmọ Iléèwé Ń Ṣe Nídìí Kíkọ́ Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì

"Please borrow me your biro." Ó ṣòro kí èèyàn lo wákàtí kan ní iléèwé girama kan ní Abẹ́òkúta, ìbáà jẹ́ ní Aké tàbí ní Láfẹ́nwá, kó má gbọ́ gbólóhùn yìí. Ọmọ tó sọ ọ́ mọ "borrow". Ó lè pe lẹ́tà rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan láìṣì. Ẹ bi í pé kí ni ìtumọ̀ rẹ̀, á ní "yá" ni, òótọ́ ló sì sọ. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà. "Yá" tiwa ń lọ, ó ń bọ̀: mo yá owó lọ́wọ́ rẹ̀, mo yá a lówó. Gẹ̀ẹ́sì pín iṣẹ́ náà fún ọ̀rọ̀ méjì: ẹni tó gbà ló ń "borrow", ẹni tó fún un ló ń "lend". Ọ̀rọ̀ kọ́ ló wọ́n ọmọ yìí. Bó ṣe tọ́jú ọ̀rọ̀ náà sórí ni kò dára. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn àṣìṣe tí a fẹ́ kìlọ̀ lé lórí níbí, ìdí kan náà ló bí wọn.

Ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ Yorùbá kan ṣoṣo dúró fún ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Èyí ló ń ba iṣẹ́ jẹ́ jù. Ọmọ á fa ìlà sáàárín ìwé, á kọ Gẹ̀ẹ́sì sápá òsì, á kọ ọ̀rọ̀ Yorùbá kan sápá ọ̀tún, á wá máa há a sórí. Ẹ wo "gbọ́". A ń gbọ́ ohùn, a ń gbọ́ òórùn, a ń gbọ́ èdè. Gẹ̀ẹ́sì ní tirẹ̀ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan: "hear", "smell", "understand". Ọmọ tó bá ti kọ ọ́ pé "hear" ni gbọ́, òun náà ló máa kọ "I am hearing the smell of fish" àti "I don't hear French". "Mu" náà nìyẹn. A ń mu omi, a ń mu ọsàn, a ń mu sìgá, ṣùgbọ́n omi nìkan ló gba "drink" nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. "Suck" tàbí "eat" ni ti ọsàn, "smoke" ni ti sìgá. "Kọ́" lè jẹ́ "learn", ó lè jẹ́ "teach", ó sì lè jẹ́ "build". "Pupa" ni ata, "pupa" náà sì ni ọmọge tí àwọ̀ rẹ̀ mọ́ra, àmọ́ "red" ni ti ata, "fair" ni ti ọmọge. "Ẹsẹ̀" tiwa bẹ̀rẹ̀ láti itan dé ọmọ ìka. Gẹ̀ẹ́sì gé e sí méjì ní ọrùn ẹsẹ̀, òkè ń jẹ́ "leg", ìsàlẹ̀ ń jẹ́ "foot".

Ẹ jẹ́ ká ṣe ojú ìwé kan fún "borrow" bó ṣe yẹ. Lórí ìlà kìíní, ọ̀rọ̀ náà àti irú ọ̀rọ̀ tó jẹ́: "borrow", ọ̀rọ̀-ìṣe. Ìlà kejì, àwọn ọmọ ìyá rẹ̀: "borrowed, borrowing, borrower". Ìlà kẹta, ohun tó máa ń tẹ̀ lé e: "borrow something from somebody". Níbí ni kí ọmọ ti kọ Yorùbá rẹ̀ sí, kó sì kọ ọ́ tán: "yá nǹkan lọ́wọ́ ẹni", kì í ṣe "yá" lásán. Ìlà kẹrin, ẹ fi í sílẹ̀ lófo fún ọ̀sẹ̀ kan. Ibẹ̀ ni "lend" máa bọ́ sí nígbà tí "borrow" bá ti fìdí múlẹ̀. Ọ̀rọ̀ méjì tó máa ń da ara wọn rú kò gbọ́dọ̀ wọlé lọ́jọ́ kan náà, torí ọmọ á rántí méjèèjì, kò sì ní rántí èwo ni èwo. Ìlà karùn-ún, gbólóhùn kan nípa ilé ọmọ náà fúnra rẹ̀: "My mother borrowed two big pots from our neighbour for the naming ceremony." Ìlà yìí ni àwọn ọmọ máa ń fò, tàbí kí wọ́n lọ da èyí tó wà nínú atúmọ̀-èdè kọ. Ẹ má gbà fún wọn. Gbólóhùn tí ọmọ fi orí ara rẹ̀ ro ló ń so ọ̀rọ̀ mọ́ ohun tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, ìso yẹn ni kì í sì í jẹ́ kó já.

Àádọ́ta ọ̀rọ̀ lálẹ́ kan

Ìgbà tí WAEC bá ku oṣù méjì ni ọ̀pọ̀ máa ń ṣí atúmọ̀-èdè láti A, tí wọ́n á ní àádọ́ta ọ̀rọ̀ làwọn á máa kọ́ lójúmọ́. Atúmọ̀-èdè ò to ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ nítorí ìkẹ́kọ̀ọ́. Ó tò ó kí a lè tètè rí èyí tí a ń wá. "Adapt", "adept" àti "adopt" ń gbé ládùúgbò kan náà níbẹ̀. Ẹni tó bá kọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lálẹ́ kan, kó múra láti da mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀.

Ìgbàgbé tún wà níbẹ̀. Ọ̀mọ̀wé ará Jámánì kan, Hermann Ebbinghaus, dán ìgbàgbé wò lórí ara rẹ̀, ó sì tẹ iṣẹ́ náà jáde ní 1885. Ohun tó rí ni pé láàárín ọjọ́ kan péré, èyí tó pọ̀ nínú ohun tí a kọ́ ti fò lọ. Ẹ̀yìn ìyẹn ni ìgbàgbé á wá máa rọra fà. Àádọ́ta ọ̀rọ̀ tí a kò padà sí, omi inú apẹ̀rẹ̀ ni.

Márùn-ún lójúmọ́ tó, láti Ọjọ́ Ajé dé Ọjọ́ Ẹtì. Sátidé, kò sí tuntun. Ìyẹn jẹ́ 25 lọ́sẹ̀, 300 ní táàmù ọlọ́sẹ̀ 12. Kí ọmọ gé páálí sí wẹ́wẹ́, kó kọ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì sójú kan, kó kọ Yorùbá rẹ̀ tó kún àti gbólóhùn tirẹ̀ sójú kejì. Kó wá àpòòwé mẹ́ta. Gbogbo káàdì tuntun á wọ àkọ́kọ́, tí yóò máa yẹ̀ wò lójoojúmọ́. Èyí tó bá gbà á bọ́ sí ìkejì, tí yóò máa ṣí ní ọjọ́ mẹ́ta-mẹ́ta. Tó bá tún gbà á níbẹ̀, ó di ìkẹta, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Káàdì yòówù tó bá ṣì, ibi yòówù tó wà, àpòòwé àkọ́kọ́ ló ń padà sí. Kíkà á léraléra kọ́ ni àtúnyẹ̀wò o. Ojú tó ń ka ọ̀rọ̀ nígbà kẹwàá á rò pé òun ti mọ̀ ọ́n, kó sì jẹ́ pé ó kàn dá a mọ̀ lójú ni. Kí ó bo ẹ̀yìn káàdì, kó fi ẹnu sọ ọ́, kó tó yí i.

Ọ̀rọ̀ wo gan-an?

Ní ọdún 2000, Averil Coxhead, onímọ̀ èdè ní New Zealand, kó ọ̀rọ̀ tó ń jáde léraléra nínú ìwé ẹ̀kọ́ jọ, ó rí ìdílé ọ̀rọ̀ 570 (ọ̀rọ̀ kan àti àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ ni ìdílé kan). "Analyse", "consist", "factor", "require", "significant", "vary" wà lára wọn. Àwọn ni ọmọ máa bá pàdé nínú Bàọ́lọ́jì, nínú Ìṣirò, nínú ìbéèrè ìdánwò fúnra rẹ̀. Ọmọ tó fò wọ́n lọ kọ́ ọ̀rọ̀ ńlá bíi "plethora" ti kọ́ òrùlé kó tó fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀.

Àṣìṣe míì ni kí ọmọ rò pé ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò sí nínú ilé òun. Sílábọ́ọ̀sì WAEC ka oríṣiríṣi iṣẹ́ sílẹ̀ tí wọ́n lè bi ọ̀rọ̀ wọn: ilé kíkọ́, ẹja pípa, ọ̀gbìn, òfin, ìlera, ọkọ̀, àṣà. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ ń ṣe àdìrẹ ní Ìtòkú, Abẹ́òkúta, ń gbé láàárín wọn. Orúkọ aṣọ náà ti ṣe ìtumọ̀ ara rẹ̀: "dì" ni "tie", "rẹ" ni "dye". Ìko tí wọ́n fi ń dì í ni "raffia". Ẹ̀kọ tí wọ́n fi ń kọ ọnà sára ẹlẹ́kọ ni "starch paste". Wọ́n á kì í bọ inú aró, ó di "dip". Wọ́n á fi í sílẹ̀ kó mu ún, ó di "soak". Wọ́n á fi omi ṣàn án, ó di "rinse". Tí àwọ̀ rẹ̀ bá ń ṣá, ó di "fade". Kí ó ṣọ́ra fún "dyeing": e inú rẹ̀ kì í kúrò, torí "dying" ni ti ẹni tó ń kú lọ. Ọ̀rọ̀ mẹ́wàá báyìí, pẹ̀lú "steep", "cave" àti "take shelter" tó jẹ́ ti Òkè Olúmọ, á gbé àròkọ lórí ìlú ẹni ró ju ọgọ́rùn-ún ọ̀rọ̀ tí kò ní ibi tí wọ́n fẹ́ wà.

Ọ̀rọ̀ kì í rìn lóun nìkan

"Ṣe" tiwa lágbára púpọ̀: a ń ṣe àṣìṣe, a ń ṣe ẹ̀ṣẹ̀, a ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá. Gẹ̀ẹ́sì kò gbà: "make a mistake", "commit a sin", "do homework". "Tell a lie" ni irọ́ pípa. Òjò ńlá, "heavy rain" ni, kì í ṣe "big rain". Torí pé a ń sọ pé à ń jíròrò lórí nǹkan ni àwọn ọmọ fi ń kọ "discuss about"; "discuss the matter" ti tó. Ọ̀rọ̀-orúkọ wa kì í yí padà tó bá di púpọ̀, nítorí náà tí ọmọ bá ti mọ s, gbogbo nǹkan ló máa ń fi í sí: "furnitures", "equipments", "informations", "advices". Kí ó kọ U pupa ("uncountable", èyí tí a kì í kà ní oókan) sẹ́gbẹ̀ẹ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ nínú ìwé rẹ̀.

Nínú àyọkà WAEC, wọ́n á ní kí ọmọ wá ọ̀rọ̀ tó lè rọ́pò èyí tó wà níbẹ̀. Tí "abandoned" bá ń sọ ohun tó ti kọjá nínú àyọkà, tí ọmọ wá kọ "desert" dípò "deserted", ìtumọ̀ rẹ̀ tọ̀nà, máàkì sì lọ. Kí ó máa fi ìdáhùn sínú gbólóhùn náà, kó kà á nínú ọkàn, kó tó kọ ọ́ sílẹ̀.

Gírámà ńlá ńkọ́? Àádọ́ta máàkì ni àròkọ WAEC: 10 fún kókó, 10 fún ètò, 20 fún bí a ṣe sọ ọ́, 10 fún àìṣìkọ. Ibi ogún yẹn ni gírámà ńlá ti ń ṣọṣẹ́. Ọmọ tó kọ "I commiserate with you on your promotion" sí bàbá rẹ̀ ti bá a kẹ́dùn lórí ayọ̀ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí ọmọ kò bá tíì rí níbi mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, tí olùkọ́ kò sì tíì yẹ̀ wò nínú iṣẹ́ rẹ̀, kó má gbé e wọ gbọ̀ngàn ìdánwò.

Etí tó ṣì á jẹ́ kí ọwọ́ ṣì

Yorùbá kò ní v, kò ní z, kò sì ní ìró tó bẹ̀rẹ̀ "church". Nítorí náà "van" máa ń di "fan" lẹ́nu, "prize" a di "price", "cheap" a di "sheep", ọmọ á sì kọ ohun tó gbọ́. Ọ̀pọ̀ wa tún máa ń fò h, "heat" a di "eat", "hold" a di "old". Àwọn míì á wá fi í sí "egg" níbi tí kò sí. Ìtọ́jú rẹ̀ kò náni lówó. Kí ọmọ fi ìka méjì kan ọ̀nà ọ̀fun, kó pe f gígùn, kò ní gbọ̀n. Kó wá pe v láìgbé eyín kúrò lórí ètè ìsàlẹ̀, á gbọ̀n. Bẹ́ẹ̀ náà ni s àti z. Ti "church", kó kọ́kọ́ gbé ahọ́n síbi tó fi ń pe t, kó tó tú u sílẹ̀. Ìṣẹ́jú márùn-ún lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ọ̀rọ̀ méjì-méjì.

Ẹ má bu owó ìtanràn lé Yorùbá

Àwọn kan máa ń gba owó ìtanràn lọ́wọ́ ọmọ tó bá sọ Yorùbá, kó lè gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Èyí dùn wá gidigidi, torí àwọn àgbà tó fẹ́ ire ọmọ ló ń ṣe é. Ní 1970, Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà kan lábẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá: Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní iṣẹ́ wọn, Gẹ̀ẹ́sì sì dúró gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn sí ẹgbẹ́ wọn nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ tó mọ̀ pé "ìgbọ́ràn" àti "àìgbọ́ràn" wá láti ara "gbọ́ràn" ti mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe ń bímọ. Ẹ kàn fi "obey", "obedience", "disobedience" hàn án ni. Ẹ wá sọ fún un pé "àì" tiwa kì í yí padà, ṣùgbọ́n tiwọn máa ń wo ojú ẹni tó ń bọ̀: "impolite", "illegal", "irregular".

Òbí tí kò ka Gẹ̀ẹ́sì náà níṣẹ́ níbẹ̀. Ní Sátidé, kí ìyá tó wà ní ìsọ̀ ní Kútọ̀ gba àwọn káàdì, kó mú ọ̀kan, kó ní kí ọmọ sọ ìtumọ̀ rẹ̀ ní Yorùbá tó kún, kó sì pe gbólóhùn tirẹ̀. Kò nílò láti mọ Gẹ̀ẹ́sì kó tó mọ̀ pé ọmọ ń wo òkè, tó ń fa ọ̀rọ̀. Káàdì yẹn, àpòòwé àkọ́kọ́ ni. Kó mú òmíràn.