Ẹ Ra Ọjọ́ Kún Un: Bí A Ṣe Ń Múra Láti Gun Òkè Kilimanjaro

Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń padà láìdé orí Kilimanjaro, òkè ńlá tó wà ní Tanzania, kì í ṣe ẹsẹ̀ ló já wọn kulẹ̀. Iye ọjọ́ ìrìn tí wọ́n sanwó rẹ̀ ló kéré jù. Mo rí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó jókòó sórí òkúta lẹ́gbẹ̀ẹ́ Lava Tower, òkúta gàgàrà kan lójú ọ̀nà òkè náà, níbi tó ga tó mítà 4,600, tó fi ọwọ́ méjèèjì di orí mú, tó ń bì. Ẹni tó máa ń gbé irin láràárọ̀ ni. Ìyá kan tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún ń wọ́ ẹsẹ̀ bọ̀ lẹ́yìn bí ìgbín, ó sì rọra kọjá lára rẹ̀. Ọjọ́ 6 ni ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn san, ìyá san ọjọ́ 8. Ìyá ló dé òkè.

Nítorí náà, iye ọjọ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ mú, kí ẹ tó wo tíkẹ́ẹ̀tì bàlúù, kí ẹ tó ra bàtà.

Ìdí rèé. Lórí Uhuru, ṣóńṣó òkè náà tó ga ní mítà 5,895, ìdajì ọ́síjìn tí ẹ ń mí símú l'Ékòó ló kù nínú èémí kọ̀ọ̀kan. Ara lè kọ́ bó ṣe máa fi ìdajì yẹn ṣiṣẹ́, àmọ́ ọjọ́ ló fi ń kọ́ ọ. Tí èèyàn bá ti kọjá mítà 3,000, ìmọ̀ràn àwọn dókítà ni pé ibi tó máa sùn lónìí kò gbọ́dọ̀ fi ju nǹkan bíi mítà 500 lọ ga ju ibi tó sùn lánàá. Ẹ wá wo ọ̀nà Marangu ọlọ́jọ́ 5 tí wọ́n ń tà ní pọ́ọ́kú: ẹ sùn ní Mandara ní mítà 2,720, ẹ sùn ní Horombo ní 3,720, ẹ dé Kibo ní 4,720, ọ̀gànjọ́ òru ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n á tún ní kí ẹ máa gòkè. Ẹgbẹ̀rún mítà lójúmọ́! Ojoojúmọ́ ni ìjọba Tanzania ń ka owó ọgbà òkè náà, òun ló jẹ́ kí ọjọ́ kúkúrú dín owó kù. Tí aṣojú iléeṣẹ́ tó ń múni gun òkè bá sọ fún yín pé ẹ̀yin tẹ́ ẹ lágbára báyìí, ọjọ́ 5 ti tó, ẹ wá ẹlòmíràn.

Ọ̀nà tí mo fọwọ́ sí ni Lemosho, ọjọ́ 8. Tí owó ò bá gbé e, Machame ọjọ́ 7, ẹ má gba 6. Méjèèjì máa ń gbé yín gun Lava Tower lọ́sàn-án, lẹ́yìn náà ẹ ó sọ̀ kalẹ̀ lọ sùn ní Barranco, tó fi mítà tó lé ní 600 relẹ̀ sí i. Ọ̀sán yẹn ló ń kọ́ ara, òru ló sì ń jẹ́ kó sinmi.

Ẹ má tan ara yín pé ẹ máa kọ́ ara yín nílé. Chappal Waddi tó ga jù ní gbogbo Nàìjíríà, mítà 2,419 ni. Ibi tí ẹ máa sùn lálẹ́ ọjọ́ kìíní ní Kilimanjaro ti ga jù ú lọ.

Ọ̀rọ̀ kejì tí mo ń tẹnu mọ́ ni jẹ́nótáìpù. Púpọ̀ nínú ìwé ìmúrasílẹ̀ ni kò mẹ́nu bà á, bẹ́ẹ̀ àwa ló kàn jù. Ẹni tó bá jẹ́ SS, kó jọ̀wọ́ fi òkè yìí sílẹ̀, àìtó ọ́síjìn ni fòníkúfọ̀ladìde ń wá. Ẹni tó jẹ́ AS náà kò gbọ́dọ̀ lọ láìrí dókítà. Ó lè wà láàyè títí láìmọ ìrora kan nílé, kí gíga òkè wá pa á lára. Bí ẹ bá jẹ́ AS, tí nǹkan bá ń gún yín lábẹ́ egungun ìhà òsì lórí òkè, ẹ má pè é ní inú rírun. Ẹ sọ̀ kalẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì wá ilé ìwòsàn. Ẹ kọ jẹ́nótáìpù yín sínú ìwé, kí ẹ fi lé amọ̀nà lọ́wọ́.

Oògùn kan wà tí wọ́n ń pè ní Diamox tó ń ran èémí lọ́wọ́. Dókítà ló máa sọ iye tí ẹ máa lò. Ẹ jẹ́ kó mọ̀ tí Septrin tàbí Fansidar bá máa ń bá yín jà. Ẹ dán an wò nílé kí ẹ tó lọ, torí ó máa ń jẹ́ kí ìka máa jó èèyàn wìnnìwìnnì, ó sì ń mú kí èèyàn máa tọ̀ ṣáá.

Àwa ọmọ Nàìjíríà a máa fẹ́ gbà á mọ́ra, ká má bàa dà bí ọ̀lẹ. Orí òkè kọ́ nìyẹn. Orí fífọ́ tí parasítámọ́ọ̀lù bá mú lọ, ẹ sọ ọ́, kí ẹ sì máa lọ díẹ̀díẹ̀. Tí kò bá lọ, tí ẹ sì ń bì, ẹ má gòkè sí i. Kí amọ̀nà ní kí ẹ rìn lórí ìlà tóóró, gìgísẹ̀ kan iwájú ẹsẹ̀ kejì. Tí ẹ bá ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, tàbí tí ẹ ń mí gúlegúle níbi tí ẹ jókòó sí, ẹ sọ̀ kalẹ̀, ìbáà jẹ́ aago méjì òru. "Pole pole" tí wọ́n máa ń pariwo rẹ̀ ní èdè Swahili, "rọra, rọra" ni. Tí ẹ ò bá lè parí gbólóhùn kan láìdúró mí, ẹ ti yára jù.

Ìwé kò le. Ẹ tètè bèèrè físà, kí abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú pé ọjọ́ 10 ó kéré tán nínú yẹ́lò káàdì, kí ìwé ìdójútòfò sì sọ ọ́ ní kedere pé ó dé mítà 6,000.

Fún ẹsẹ̀, kẹ́ẹ̀gì omi lítà 5 méjì nínú àpò ẹ̀yìn ni èmi ń gbé gun àtẹ̀gùn ilé, oṣù mẹ́ta gbáko. Lópin oṣù, òkè Ìdànrè: àtẹ̀gùn ibẹ̀ lé ní 600, sísọ̀ rẹ̀ ló sì ń mú orúnkún le. Bàtà tí ẹ máa wọ̀ lọ ni kí ẹ máa wọ̀ gun gbogbo rẹ̀.

Ẹ má ra aṣọ olówó gọbọi. Jákẹ́ẹ̀tì òtútù tó dáa wà nínú òkìrìkà ní Yaba. Ẹ fún un lọ́wọ́, tó bá tún wú padà, ó dáa. Aṣọ òwú kò gbọ́dọ̀ kan ara, torí tó bá ti mu òógùn kì í gbẹ, òtútù á sì wọ egungun. Rénkóòtù àwọn ọlọ́kadà tó fún inú igbó nísàlẹ̀. Ẹ fi ọ̀rá sílẹ̀ nílé: Tanzania ti fòfin de àpò ọ̀rá láti oṣù kẹfà ọdún 2019. Àpò aṣọ tí a ń ki ìrọ̀rí bọ̀ ni mo fi ń di ẹrù. Ẹ má kó ju kílò 15 fún alábàárù, èèyàn ni wọ́n, kílò 20 sì ni òpin ohun tí wọ́n lè gbé, ẹrù tiwọn náà wà nínú rẹ̀. Ẹ bi aṣojú léèrè iye tó ń san fún wọn àti ìgbà mélòó ni wọ́n ń jẹun lójúmọ́. Ẹ mú kúlíkúlí àti gaàrí dání, torí ẹnu kì í fẹ́ oúnjẹ lókè.

Lóru tí ẹ máa lọ sórí òkè, omi inú rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tí a fi ń fa omi mu láti inú àpò ẹ̀yìn máa ń dì. Ẹ rọ omi gbígbóná sínú ìgò ẹlẹ́nu fífẹ̀, kí ẹ dojú rẹ̀ délẹ̀ nínú ìbọ̀sẹ̀ nípọn. Òkè ni yìnyín ti ń bẹ̀rẹ̀, ẹnu ìgò tó wà nísàlẹ̀ kò ní dí. Kí bátìrì tọ́ọ̀ṣì orí wà nínú àpò tó kan ara, òtútù ń pa á. Kí ẹ sì ti gé èékánná ẹsẹ̀ lálẹ́ tó ṣáájú, torí láti Uhuru títí dé ibùdó Mweka, ọmọ ìka ẹsẹ̀ ni yóò máa gbá iwájú bàtà ní gbogbo ọ̀nà.